Ojúoró kì í gbé ìsàlẹ̀ omi: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì tó fẹ́ yọ òdòdó ike kúrò lọ́dọ̀ ẹja

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìgbógbò, n'Íkòròdú. Mo ní gíláàsì ẹja kan ní ṣọ́ọ̀bù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Góòlùfíìṣì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó ike tí wọ́n tà mọ́ ọn. Ike yẹn ti dúdú, ó ń yọ̀, mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ ó sú mi. Ewé gidi ni mo fẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Aládùúgbò mi gbé ewé kan wá láti etí omi Májídùn, ó rí bíi lẹ́tùúsì, gbòǹgbò rẹ̀ dà bí irùngbọ̀n. Ó rì í mọ́ yanrìn nínú gíláàsì tirẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé náà fi jẹrà, omi ń rùn, ẹja méjì sì kú. Ṣé ewé gidi àti ẹja lè jọ gbé níbi tí iná kì í dúró sí? Tí mo bá sì fi ewé sí i, ṣé mo lè pa fílítà, kí owó iná lè dín? Ìyá Ìbejì, Ìgbógbò."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ewé aládùúgbò yín kúrò nínú ẹ̀bi, torí kò ṣẹ̀. Ojúoró ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú àdúrà: ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. A ti gba àdúrà yẹn títí tí a fi gbàgbé pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti jókòó sétí odò, ó ti wo ewé méjèèjì dáadáa. Ojúoró ń léfòó ni. Irun wẹ́wẹ́ wà lára ewé rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi mú un, òkè ló ti ń mí, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń rọ̀ wálẹ̀ láti wá oúnjẹ nínú omi. Ẹni tó rì í mọ́ yanrìn ti rì í pa, bí ẹni ti adìyẹ lórí bọ inú bàsíà. Nígbà tó jẹrà tán, amóníà ló tú sínú omi, májèlé kan náà tí ara ẹja fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde. Ewé kọ́ ló pa ẹja yẹn. Wọ́n sin òkú sínú ilé wọn ni.

Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀. Omi ọ̀sà tó yí Ìkòròdú ká kì í dúró sójú kan: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun máa ń wọ inú rẹ̀, nígbà òjò, omi odò á tì í padà. Ojúoró kò fẹ́ iyọ̀ rárá. Ẹni tó bá fà á ní oṣù kejì ọdún lè mú èyí tó ti ń ṣàìsàn wálé láìmọ̀.

Torí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ike ẹ̀ṣọ́ ni, ewé ohun ọ̀sìn ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yọ ike kúrò yìí, ẹ fẹ́ fi ohun ọ̀sìn kún ohun ọ̀sìn tí ẹ ti ní. Ó ń jẹun, ó ń mí, ó ń ṣàìsàn, ó sì lè kú láìsọ fún yín. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yòókù kò le.

Èmi kò kórìíra ike o. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin aránṣọ ní ohun tí ẹ lè fi dán an wò lọ́wọ́: ẹ mú èékù ṣífọ́ọ̀nù kan, ẹ wọ́ ọ kọjá lára ewé ike náà. Bí aṣọ bá hán, lẹ́bẹ́ góòlùfíìṣì yóò hán níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá àwọn onírù gígùn. Bí kò bá hán, ike yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí kò kàn lè ṣe ni kó jẹ nínú ìdọ̀tí ẹja. Ẹja ń ya ìgbẹ́, ike ń wò ó níran, èérí yíyọ̀ aláwọ̀ ewé ń hù lé e lórí, ẹ̀yin ń fọ̀. Èérí yẹn gan-an ewéko ni, tó rí oúnjẹ àti iná tí kò sí ẹni tó ń bá a du ú. Ewé gidi ni yóò máa bá a du ú.

Ẹ má wá fi ìbínú tu gbogbo ike náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí wà níbẹ̀, wọ́n wà nínú fílítà àti lára yanrìn pẹ̀lú, tí wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí àwọn mìíràn sì ń sọ náítíráìtì yẹn di náítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹja. Bí ẹ bá kó ilé wọn dànù lọ́sẹ̀ tí ewé tuntun ń gbìyànjú láti múlẹ̀, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń jẹrà, amóníà á ga láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìdá mẹ́ta ni kí ẹ pín ike náà sí. Ẹ yọ ìdá kan, ẹ fi ewé sí ipò rẹ̀, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó yọ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá yọ ike, ẹ má fọ fílítà. Ìgbàkigbà tí ẹ bá sì máa fọ̀ ọ́, omi tí ẹ bù láti inú gíláàsì náà ni kí ẹ fi ṣàn án.

Ewé wo wá ni? Èyí ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Góòlùfíìṣì ọ̀bàyéjẹ́ ni. Ewé rírọ̀ oúnjẹ ni lójú rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu wa yanrìn bí adìyẹ tó ń wa ààtàn. Ẹ fi ewé ẹlẹgẹ́ tí ẹ fi ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan rà síwájú rẹ̀ lálẹ́, igi rẹ̀ nìkan ni ẹ ó bá láàárọ̀. Omi tiwa níhìn-ín sì gbóná: nínú ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń wà láàárín 27 sí 31 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì láìsí ẹ̀rọ amómigbóná kankan. Ọ̀pọ̀ ewé rírẹwà tí ẹ ń rí nínú fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì, omi tó tutù jùyẹn lọ ni wọ́n fẹ́.

Èyí tí màá fi bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ èmi ni Anubias. Àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n, orúkọ tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn. Ewé rẹ̀ nípọn, ó le bí awọ, ó korò lẹ́nu ẹja débi pé góòlùfíìṣì á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á sì fi í sílẹ̀. Ó ń hù létí odò inú igbó láti gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ dé Kamẹrúùnù, nítorí náà ooru wa kò jọ ọ́ lójú. Ó fẹ́ràn òjìji tó bẹ́ẹ̀ tí Schott, ará Ọ́síríà tó fún un lórúkọ ní 1857, fi sọ ọ́ ní orúkọ Anubis, òrìṣà àwọn òkú ní Íjíbítì àtijọ́. Ewé tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, orúkọ òrìṣà ibòmíràn ló ń jẹ́ káàkiri ayé. Ẹ̀wẹ̀, a kì í bá ewé jà nítorí orúkọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀pá kan tó nà gbọọrọ, tó dà bí atalẹ̀ tútù, ewé ń yọ lókè rẹ̀, gbòǹgbò ń yọ nísàlẹ̀. Atalẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú yanrìn. Bí ẹ bá bò ó, á rọ̀, á dúdú, á máa rùn, ewé á sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú igi rẹ̀. Lára òkúta ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ ní òwú ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lo òwú funfun gidi tí wọ́n ran láti ara òwú oko, kì í ṣe políẹ́sítà. Ìdí rẹ̀ ni pé òwú gidi á jẹrà fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà yẹn gbòǹgbò á ti di òkúta mú. Políẹ́sítà kò ní jẹrà, á sì máa gé atalẹ̀ náà bó ṣe ń sanra. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má fún un jù, bí ìgbà tí ẹ ń so bọ́tìnì tí ẹ kò fẹ́ kí aṣọ ká. Ẹni tí kò bá fẹ́ òwú lè fi gúlúù ẹlẹ́kán-án tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, èyí tó ń gan lójú ẹsẹ̀, kán díẹ̀ sára òkúta, kó tẹ gbòǹgbò mọ́ ọn. Bó bá ti gan nínú omi, kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan.

Anubias lọ́ra. Ewé kan lóṣù kan lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ó rí. Ẹni tó bá ń retí kí gíláàsì kún bí oko ní oṣù kan, ẹ sọ fún un kó padà sídìí ike.

Ẹ fi ojúoró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lókè omi lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí Anubias kò lè ṣe nítorí ìlọ́ra rẹ̀, ojúoró ń ṣe é kíákíá: ó ń jẹ náítíréètì bí ẹni tí ebi ń pa, ó sì ń fún àwọn ẹja ní òjìji. Góòlùfíìṣì á máa gé gbòǹgbò rẹ̀ jẹ, kò burú, irùngbọ̀n á tún hù. Kó má ṣáà bo ju ìdajì ojú omi lọ. Bí ó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kó díẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Òṣíbàtà wá ni ọ̀gá. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: òṣíbàtà wa yìí, tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ pupa pẹ̀lú àmì dúdúdúdú nígbà tó bá ṣì wà lábẹ́ omi, wà lára àwọn ewé tí wọ́n ń tà lówó gọbọi fún àwọn olólùfẹ́ gíláàsì ẹja nílẹ̀ òkèèrè. Iṣu kékeré ló ní nísàlẹ̀. Ẹ fi ìdajì iṣu náà sínú yanrìn, ẹ jẹ́ kí ìdajì tó ní ojú ewé wà níta. Nígbàkigbà tó bá rán ewé kan tó fẹ́ lọ léfòó sókè, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e nídìí. Bí ẹ bá ń gé e bẹ́ẹ̀, á máa yọ ewé kéékèèké sábẹ́ omi dípò kó máa lékè odò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe Anubias àti ojúoró fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eléyìí, torí góòlùfíìṣì á máa wú u. Òkúta mẹ́rin márùn-ún tí ẹ bá tò yí ìdí rẹ̀ ká á gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ewé kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Ó máa ń léfòó bí ojúoró, ṣùgbọ́n ọrùn ewé rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò tó rẹwà púpọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, lójú omi Badagry, ó gba ọ̀nà omi Orílẹ̀-èdè Benin wọlé, láti ìgbà yẹn ló sì ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹ má gbé e wọlé. Ojúoró tí ẹ bá ń kó dànù pàápàá, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, kí ẹ dà á sídìí ata.

Ní ti ẹni tí ẹ ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n ti lù mí ní jìbìtì rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ta ewé mẹ́fà fún mi, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà funfun, ó dúró gírígírí bí ọmọ ogun. Ó ní inú omi ló ń gbé. Oṣù méjì ló fi tàn mí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ewé orí ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀ṣọ́ pálọ̀ ni! Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fa ewé jáde kúrò nínú omi kí n tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ewé tó jẹ́ ti inú omi ní tòótọ́, bí ẹ bá gbé e sókè, ṣe ló máa ń wó palẹ̀ bí aṣọ tútù, torí omi ló ń gbé e ró. Èyí tó bá nàró ṣanṣan níta, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Anubias nìkan ni ẹ ó fi sílẹ̀ nínú ìdánwò yìí, òun le lójú méjèèjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí díẹ̀ nínú ewé bá kọ́kọ́ rọ̀. Àwọn tó ń gbin ewé omi fún títà sábà máa ń gbìn ín pẹ̀lú ewé rẹ̀ níta omi, torí ó ń yára dàgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá dé abẹ́ omi, ewé tó hù nínú afẹ́fẹ́ kò wúlò fún un mọ́, á jù ú nù, á hu tuntun. Ẹ gé èyí tó ń rọ̀ kí ó má baà jẹrà sínú omi. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣì le, ó wà láàyè.

Kí ewé kankan tó wọ inú gíláàsì yín, pàápàá èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fà létí omi, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ ó rí ohun kan tó dà bí èso ilá tó yọ̀, tó mọ́ gaara, àmì kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ẹyin ìgbín omi ni. Ìgbín omi kan wà nínú àwọn adágún wa tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Kòkòrò yẹn ń jáde lára ìgbín sínú omi, awọ ara ló sì ń gbà wọlé sára ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má wọ inú omi tí kò ṣàn lọ fa ewé. Ẹ lo ọ̀pá àti ìbọ̀wọ́, ẹ má sì rán ọmọ. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bu álọ́ọ̀mù ṣíbí ìjẹun kan sínú omi lítà mẹ́rin, ẹ rẹ ewé náà sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ ṣàn án dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ níbi tó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyin tó bá sá àsálà á ti pa nígbà yẹn, ẹ ó rí ìgbín rẹ̀, ẹ ó yọ ọ́.

Iná ni ìbéèrè yín tó kàn. Ẹ gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu: iná tó pọ̀ jù ti ba gíláàsì jẹ́ ju iná tí kò tó lọ. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ ti pọ̀ tó fún Anubias. Iná LED funfun tí wọ́n kọ 6500K sára páálí rẹ̀, wáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, á tó fún ìwọ̀n gíláàsì yín. Kò pọn dandan kí wákàtí náà so mọ́ra wọn. Bí iná bá dé láago mẹ́wàá, tó lọ láago méjì, tó tún dé láago márùn-ún, ẹ kàn ka wákàtí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ka owó oníbàárà. Ọjọ́ tí iná kò bá dé rárá, ewé á sùn, kò ní kú. Ẹ má fi wákàtí mẹ́rìnlá san gbèsè fún un lọ́jọ́ kejì. Èérí yíyọ̀ nìkan ni yóò gba owó yẹn. Ẹ má sì gbé gíláàsì náà sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé kí ẹ lè fi ti iná sílẹ̀. Omi á gbóná, á sì di aláwọ̀ ewé bí ewédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó.

Òkùnkùn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Lójú ìmọ́lẹ̀, ewé ń tú atẹ́gùn tí ẹja ń mí sínú omi. Lálẹ́, ó ń mu nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹja ṣe ń mu. Èmi tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, mo ní gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì kan nígbà náà tí mo fi ewé kún fọ́fọ́, ẹja inú rẹ̀ sì ju iye tó yẹ lọ. Wọ́n mú iná lọ láago mọ́kànlá alẹ́. Epo jẹnẹrétọ̀ tán, mo ní kò sí wàhálà, ewé ṣáà pọ̀ níbẹ̀. Láago márùn-ún ààbọ̀ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, gbogbo ẹja tò sókè, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, ojú kan náà ni gbogbo wọn kọ sí. Méje kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ mọ́ra. Ewé àti ẹja ń jìjà du ìwọ̀nba tó wà. Pọ́ǹpù tó ń da ojú omi rú ti kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yẹn. Bí ẹ bá dé Ọjà Olúwo níbí, ẹ ó rí àrọ̀ tó wà nínú bàsíà olómi díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ tí kò kú, torí àrọ̀ lè gbé ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Góòlùfíìṣì kò ní ẹ̀bùn náà.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi owó rà, ṣáájú ewé gan-an, ni pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ní bátìrì. Irú rẹ̀ wà tó ń tan ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tí kò sí ẹni tó máa rí ẹja láago márùn-ún, irú èyí gan-an ni kí ẹ wá.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé kí ẹ pa fílítà. Ọ̀rọ̀ yín ní ìpìlẹ̀ o. Ní 1850, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Warington, tẹ ìròyìn jáde nípa gíláàsì kan tó kó góòlùfíìṣì, ewé omi àti ìgbín sí, láìsí ẹ̀rọ kankan, torí kò tíì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyé. Ewé ń fún ẹja ní atẹ́gùn, ìgbín ń jẹ ewé tó jẹrà. Òótọ́ ni, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja Warington kò pọ̀, omi Lọ́ńdọ̀nù sì tutù. Góòlùfíìṣì yín mẹ́rin ni, wọ́n á sì dàgbà. Gíláàsì yín ń gba nǹkan bíi 190 lítà. Bí ẹ bá yọ yanrìn, òkúta àti àyè òkè, kẹ́ẹ̀gì 20 lítà mẹ́jọ ni omi tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí fílítà máa ṣiṣẹ́. Ohun tí ewé á dín kù fún yín ni fífọ nǹkan, kì í ṣe owó iná.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi bọ́hóòlù tó máa ń pọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ilẹ̀ bá mọ́, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i, ìpọ́n náà á rọ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì da ti òkè lò. Omi bọ́hóòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í sábà ní atẹ́gùn nínú. Ẹ má dà á lé ẹja lórí tààrà. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kiloríìnì sí, gbígbé e sílẹ̀ ní ìṣísílẹ̀ mọ́jú náà ló ń ràn án lọ́wọ́.

Yanrìn: ẹ ra èyí tó mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ láti inú ọ̀sà lè ní ìkarahun. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé ẹ̀kúnwọ́ kan lórí, bó bá hó, ẹ wá òmíràn, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí omi yín máa le sí i.

Ajílẹ̀ ń kọ́? Ìgbẹ́ ẹja tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ bu ajílẹ̀ oko sí i, yálà NPK tàbí yúríà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe é. Yúríà á di amóníà nínú omi, ẹ ó sì padà síbi tí ojúoró aládùúgbò yín bá ọ̀rọ̀ jẹ́.

Nǹkan kan tún kù tí n kò fẹ́ gbàgbé, torí ọ̀fẹ́ ni. Bí igi fúrúùtù bá wà ní àdúgbò yín, èyí tí àwọn ọmọ máa ń ju òkúta sí, ẹ ṣa ewé rẹ̀ tó gbẹ tó sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fọ méjì, ẹ jù ú sínú omi. Omi á pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò nípọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ á dín kù, Anubias á sì dúpẹ́. Ìdìpọ̀ ewé yìí gan-an ni wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn onígíláàsì ẹja níbòmíràn. Àwa ń gbá a láràárọ̀, a ń sun ún.

Ẹ má da gbogbo ike yẹn nù o. Ọjọ́ kan á wà tí ẹja kan yóò ṣàìsàn, tí wọ́n á ní kí ẹ fi iyọ̀ tàbí oògùn tó ní bàbà tọ́jú rẹ̀. Iyọ̀ yẹn ò ní jẹ́ kí ojúoró rí ọjọ́ kẹta, bàbà sì ń ba ewé mìíràn jẹ́. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan lọ́tọ̀ ni ẹ ó ti tọ́jú ẹja náà, á sì nílò ibi tó lè sá pamọ́ sí níbẹ̀. Ẹ yan ike kan tí ṣífọ́ọ̀nù kò hán lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ gbé e pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ.